Òjò Kíkan: Èéfín Kì í Béèrè Ààlà

Òjò kíkan, èyí tí ìwé Faransé ń pè ní pluies acides, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ní 1852 ni Robert Angus Smith, onímọ̀ kẹ́míkà, ti rí i pé òjò ìlú Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kan. Imí ọjọ́ wà nínú èédú inú ilẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń sun. Èéfín rẹ̀ á bá omi ojú ọ̀run pò, á di ásíìdì.

Nígbà tí èéfín pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, kí ni wọ́n ṣe sí i? Lára rẹ̀ ni pé wọ́n kọ́ ihò èéfín tó ga gogoro. Atẹ́gùn bá gbé ẹrù náà lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Ní 1967, Svante Odén sọ fún àwọn ará Sweden pé ilẹ̀ òkèèrè ni púpọ̀ nínú ohun tó ń ba omi wọn jẹ́ ti ń wá. Òjò náà ń fọ alumíníọ̀mù láti inú erùpẹ̀ wọ adágún, ẹja kò sì rí èémí mí mọ́. Ẹja kú tán nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún adágún ní Sweden àti Norway. Ẹni tí kò dáná ni èéfín ń ta lójú!

Wọ́n ṣe àdéhùn ní Geneva ní 1979. Ti Helsinki ní 1985, tó ní kí wọ́n dín èéfín imí ọjọ́ kù ní ìdá 30 nínú 100, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fọwọ́ sí i. Èyí ló dùn mí jù.

Sweden ní tirẹ̀ ń da òkúta ẹfun lílọ̀, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Onigbolo wa fún simẹ́ǹtì, sínú adágún kí kíkan omi lè rọ̀. Wọ́n ṣì ń dà á dòní.