Ìlà okùn méjì tàbí mẹ́rin? Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ètò púlì kírénì, àti ibi tí ewu rẹ̀ fara pamọ́ sí

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gba iwájú èbúté Apápá kọjá, tàbí tó ti dúró wo ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé alájà gíga ní Erékùṣù Èkó, kò ní í ṣàì ti rí kírénì, ẹ̀rọ agbẹ́rù tó na apá gígùn sókè bí ọrùn lékèélékèé. Apá yẹn àti ẹrù tó so rọ̀ ni ojú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wò. Ìwọ̀nba ló ń ka iye okùn tó so ìkọ́ rọ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Lára kírénì kan ṣoṣo, okùn yẹn lè jẹ́ ẹyọ kan lónìí, kó di mẹ́rin lọ́la, kó tún padà di méjì lọ́tùn-ún. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń pààrọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ bá ṣe rí. Iṣẹ́ náà kò ju wákàtí díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àṣìṣe tó bá wọ inú rẹ̀ lè dákẹ́ títí di ìgbà tí ẹrù bá ti wà lókè orí èèyàn.

Okùn tí à ń sọ yìí kì í ṣe okùn ọ̀rá. Wáyà irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n lọ́ pọ̀ di ìdì, tí wọ́n sì tún lọ́ àwọn ìdì náà mọ́ra. Wọ́n ká a mọ́ àgbá irin ńlá kan tí wọ́n ń pè ní dúrọ́ọ̀mù, tí agbára ẹ́ńjìnnì ń yí. Láti ibẹ̀ ni okùn ti ń gòkè lọ sí orí apá kírénì, níbi tí àwọn púlì wà, ìyẹn kẹ̀kẹ́ irin tí etí rẹ̀ jinnú kí okùn lè bọ́ sí i, bí irú èyí tí à ń rí lára ẹ̀rọ ìlọta. Ó ti orí apá sọ̀kalẹ̀ sí ara àpótí irin tó gbé ìkọ́ dání, tí púlì tún wà nínú rẹ̀. Ilé ìkọ́ ni a óò máa pe àpótí yìí. Okùn lè yí púlì ilé ìkọ́ po kó tún gòkè, kó tún sọ̀kalẹ̀, títí yóò fi dé ibi tí wọ́n de òpin rẹ̀ mọ́. Ibi kọ̀ọ̀kan tí okùn bá ti nà láti orí apá dé ilé ìkọ́ ni à ń kà sí ìlà okùn kan.

Ìdí tí wọ́n fi ń sọ okùn di ìlà púpọ̀ kò ṣòroó mọ̀. Bí ẹrù tọ́ọ̀nù 8 bá so mọ́ ìlà kan, ìlà kan yẹn ló gbé gbogbo rẹ̀. Bí ó bá so mọ́ ìlà 4, tọ́ọ̀nù méjì-méjì ló kan ìkọ̀ọ̀kan wọn, dúrọ́ọ̀mù kò sì ní í fà ju tọ́ọ̀nù méjì àti díẹ̀ lọ. Ọgbọ́n àtayébáyé ni. Plutarch, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gíríìsì, sọ pé Archimedes, ẹni tó kú ní ọdún 212 ṣáájú ìbí Kristi, jókòó síbì kan, ó sì fi okùn àti púlì fa ọkọ̀ ojú omi tó kún fún èrò àti ẹrù. Vitruvius ará Róòmù náà ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ ilé kíkọ́ nípa ẹ̀rọ agbẹ́rù tó ní púlì mẹ́ta àti èyí tó ní márùn-ún.

Àwọn mẹkáníìkì wa tó ń fi ṣéènì búlọ́ọ̀kù yọ ẹ́ńjìnnì mọ apá kejì ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jíà ló ń ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀ dípò púlì. Wọn a fa ṣéènì títí tí apá á fẹ́ẹ̀ já, ẹ́ńjìnnì a sì gbéra díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kírénì. Bí dúrọ́ọ̀mù bá ń ká okùn mítà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìkọ́ tó wà lórí ìlà 2 yóò gòkè ní mítà 30, èyí tó wà lórí ìlà 4 kò sì ní í ju mítà 15 lọ. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi fi ìlà púpọ̀ sílẹ̀ títí láé. Ẹni tó ń gbé irin kéékèèké lọ sí àjà kẹẹ̀ẹ́dógún láti àárọ̀ dalẹ́ kò ní í fẹ́ ìkọ́ tó ń rìn bí ìgbín.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye ìlà tó tó? Ìwé tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe kírénì fi sínú ẹ̀rọ náà ló máa ń sọ iye tí ìlà kan lè fà. Ẹ jẹ́ ká mú un pé tọ́ọ̀nù 5 ni. Ẹrù tó wà nílẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 16, ilé ìkọ́ àti okùn tí wọ́n fi di ẹrù jẹ́ tọ́ọ̀nù 1, àpapọ̀ rẹ̀ wá di 17. Bí a bá fi 5 pín 17, a óò rí 3.4. Okùn kò ní ààbọ̀, nítorí náà ìlà 4 ni wọn yóò lò. Lórí ìwé, ìlà 4 yóò gbé tọ́ọ̀nù 20, ṣùgbọ́n púlì kọ̀ọ̀kan máa ń jẹ nínú agbára okùn bó ṣe ń yí. Èyí tó ní bẹ́ríìnì ń jẹ nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó jẹ́ búṣì lè jẹ ìdá mẹ́rin tàbí márùn-ún. Tọ́ọ̀nù 17 ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ká ní àpapọ̀ ẹrù jẹ́ tọ́ọ̀nù 19 àti ààbọ̀ ni, ẹni tó mọṣẹ́ kò ní í gbà kí wọ́n fi ìlà 4 gbé e, yóò lọ sí 5.

Ìlà okùn kì í sọ kírénì fúnra rẹ̀ di alágbára. Kírénì tí kò lè gbé ju tọ́ọ̀nù 10 lọ nígbà tí apá rẹ̀ bá nà jìnnà, tọ́ọ̀nù 10 náà ni yóò gbé, bí wọ́n tilẹ̀ so ìlà 12 mọ́ ọn. Okùn kò ní í já, kírénì ni yóò dojú dé.

Gígùn okùn tún jẹ́ ọ̀ràn lọ́tọ̀. Ká ní wọ́n fẹ́ sọ ìkọ́ sínú ikùn ọkọ̀ ojú omi, tí àlàfo orí apá sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ mítà 50, tí okùn tó nà láti dúrọ́ọ̀mù dé orí apá sì jẹ́ mítà 40. Lórí ìlà 2, wọ́n nílò mítà 140. Lórí ìlà 4, ó di mítà 240. Bí okùn tó wà lórí dúrọ́ọ̀mù kò bá ju mítà 200 lọ, yóò tán kí ìkọ́ tó dé ìsàlẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé ìyípo okùn tó ṣẹ́ kù sára dúrọ́ọ̀mù kò gbọ́dọ̀ dín ní méjì, àwọn ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe kírénì sì ń béèrè mẹ́ta. Ìyípo wọ̀nyẹn ló ń di okùn mú. Irin kékeré tó há òpin rẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù kò lè dá ẹrù gbé.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya ẹni tí kò mọṣẹ́ lẹ́nu: ìkọ́ òfìfo lè kọ̀ láti sọ̀kalẹ̀. Okùn tó nà láti orí apá lọ sí dúrọ́ọ̀mù ní ìwọ̀n tirẹ̀, ó sì ń fa ìkọ́ sókè. Bí ìlà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ilé ìkọ́ gbọ́dọ̀ ṣe wúwo sí i. Ìdí nìyí tí ìlà púpọ̀ fi ń bá ilé ìkọ́ ńlá rìn.

Bí ọjọ́ ìpààrọ̀ bá pé, ibi tó tẹ́jú ni wọ́n máa ń gbé kírénì sí, tí wọn yóò na ẹsẹ̀ irin rẹ̀ tẹlẹ̀. Wọn yóò rẹ apá sílẹ̀ débi tí ọwọ́ lè tó orí rẹ̀, wọn yóò gbé ilé ìkọ́ jókòó sórí ilẹ̀, wọn yóò sì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kó má baà ṣubú lu ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ máa fọwọ́ júwe fún ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí dúrọ́ọ̀mù bá ń yí, ọwọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ wà nítòsí púlì. Okùn tó ń wọ inú púlì kì í mọ ìka yàtọ̀ sí ìbọ̀wọ́, bó bá ti gbá ìbọ̀wọ́ mú, ó ti mú ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tú òpin okùn. Àpò irin kan ni wọ́n fi ń dè é, tí okùn yí irin ṣóńṣó kan po nínú rẹ̀. Bí ẹrù bá ṣe ń fà tó ni irin yìí ń há okùn mọ́ àpò tó. Wọn yóò fi òòlù kán an jáde, wọn yóò yọ àwọn ọ̀pá irin tí kì í jẹ́ kí okùn fò kúrò lórí púlì, wọn yóò sì fa okùn jáde kí wọ́n tó tò ó lákọ̀tun.

Bí iye ìlà bá jẹ́ 2, 4 tàbí 6, orí apá ni òpin okùn yóò wà. Bí ó bá jẹ́ 3 tàbí 5, ara ilé ìkọ́ ni wọn yóò dè é mọ́. Púlì tí okùn yóò gbà náà kì í ṣe èyí tó bá wu èèyàn. Bí gbogbo ìlà bá kó sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn yóò máa lọ́ orí apá sí ẹ̀gbẹ́ yẹn, ilé ìkọ́ yóò sì dagun. Bí àwọn ìlà bá sún mọ́ra jù níbi tí ìkọ́ ti jìnnà sílẹ̀, ilé ìkọ́ lè máa pòyì títí àwọn ìlà yóò fi lọ́ mọ́ra bí irun tí wọ́n fi òwú kó. Àwòrán tó wà nínú ìwé kírénì ló fi ọ̀nà okùn hàn, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi orí rántí.

Àsìkò yìí náà ló dára jù láti yẹ okùn wò, nítorí pé ibi tó máa ń fara pamọ́ ti jáde síta. Nínú òfin tí Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2010, wáyà mẹ́fà tó já káàkiri láàárín gígùn tí ìdì kan fi yí okùn po lẹ́ẹ̀kan, tàbí mẹ́ta lára ìdì kan ṣoṣo, ti tó láti dá okùn tó ń ṣiṣẹ́ dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí okùn bá ti tín-ín-rín ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Òfin náà tún le sí i fún irú okùn tí wọ́n ṣe kó má baà máa pòyì.

Bí wọ́n bá fẹ́ dá òpin okùn padà sínú àpò irin, apá tí ẹrù yóò fà gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀gangan pẹ̀lú irin tó so àpò náà mọ́ ara kírénì. Bí wọ́n bá dojú rẹ̀ kodò, ńṣe ni okùn yóò ṣẹ́ kọ́rọ́ níbi tí agbára pọ̀ sí jù. Ìrù okùn tó yọ jáde kò gbọ́dọ̀ kúrú: fún okùn tí kì í pòyì tó nípọn tó mìlímítà 20, kò gbọ́dọ̀ dín ní mìlímítà 400. Àwọn kan máa ń fi kílípù de ìrù yìí mọ́ okùn tó gbé ẹrù, kó lè dà bíi pé ó dúró ṣinṣin. Ẹ̀tàn ni. Kílípù yẹn ń fọ́ okùn tó gbé ẹrù, kì í sì í jẹ́ kí irin ṣóńṣó há dáadáa. Ìrù nìkan ni wọ́n ń fi kílípù sí.

Ohun tó kù lẹ́yìn èyí ni wọ́n máa ń gbàgbé jù, bẹ́ẹ̀ kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kírénì òde òní ní kọ̀ǹpútà tó ń wọn ẹrù tó sì ń dá ẹ̀rọ dúró bí ó bá ti pọ̀ jù. Ó dà bí oníṣègùn, ohun tí a bá wí fún un ló fi ń ṣiṣẹ́. Kò lè rí okùn. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ tẹ iye ìlà tuntun sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá díjú ni pé ewu àìsọ fún un kì í jẹ́ ọ̀kan náà lórí gbogbo kírénì. Àwọn kọ̀ǹpútà kan ń mọ ìwọ̀n ẹrù láti ara òpó tí epo fi ń ti apá sókè. Irú èyí yóò mọ ẹrù bó ṣe rí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dín okùn kù láti ìlà 4 sí 2, tí kọ̀ǹpútà ṣì gbà pé 4 ló wà níbẹ̀, yóò gbà kí okùn gbé ìlọ́po méjì ohun tó yẹ ẹ́. Okùn ni ewu wà lára rẹ̀. Àwọn mìíràn ń wọn bí òpin okùn ṣe ń fà, wọn a wá fi iye ìlà ṣe ìlọ́po rẹ̀. Lórí irú èyí, bí wọ́n bá fi kún ìlà láti 2 sí 4 láìsọ fún kọ̀ǹpútà, ẹrù tọ́ọ̀nù 16 yóò hàn lójú rẹ̀ bíi tọ́ọ̀nù 8. Okùn kò ní ìṣòro, ṣùgbọ́n kírénì lè dojú dé nígbà tí iná ikìlọ̀ kò tíì tàn rárá. Ẹni tó kúrò lórí kírénì kan bọ́ sórí òmíràn lè máa ṣọ́ ewu ti àná, kí ti òní wá gba ẹ̀yìn wọlé.

Òmíràn ni irin kékeré tó so rọ̀ lábẹ́ orí apá, tó yí ìlà kan nínú okùn ká. Bí ilé ìkọ́ bá gòkè jù, yóò gbé irin yìí, ẹ̀rọ yóò sì dúró kí ìkọ́ tó forí sọ púlì. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, okùn lè já, kí ẹrù sì já lulẹ̀. Ètò okùn tuntun ń fẹ́ kí wọ́n tún irin yìí so, ara ìlà tí kì í rìn ló sì yẹ kó wà. Àwọn tó dín ìlà kù gan-an ló nílò rẹ̀ jù, nítorí pé ìkọ́ wọn ti ń sáré ní ìlọ́po méjì, ọwọ́ ẹni tó ń wa kírénì kò sì tíì mọ́ ọn lára.

Òfin Ilé-Iṣẹ́ ní Nàìjíríà mẹ́nu ba ṣéènì, okùn àti kírénì, ó sì pa á láṣẹ pé kí ẹni tó mọṣẹ́ máa yẹ̀ wọ́n wò lóòrèkóòrè. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òfin tirẹ̀ lórí ohun ìgbẹ́rù láti ọdún 1998. Ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò kì í wà níbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ń pààrọ̀ okùn, àwọn tó wà níbẹ̀ ni yóò dán an wò. Wọn yóò kọ́kọ́ gbé ìkọ́ òfìfo lọ sókè sódò, kí wọ́n lè rí i bí okùn ṣe ń tò sórí dúrọ́ọ̀mù àti bóyá ìlà kan ń gun òmíràn. Wọn yóò gbé ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́ kúrò nílẹ̀ díẹ̀, kí irin ṣóńṣó lè há, wọn yóò sì dá a dúró láti yẹ gbogbo ìdè wò. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kọ iye ìlà àti ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sínú ìwé, wọn yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ìjókòó, nítorí ẹni tó ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ lálẹ́, tó lè má rí orí apá nínú òkùnkùn.