Saguaro: igi ẹlẹ́gùn-ún tó ń mú ọdún tuntun wá

  Igi ilẹ̀ òkèèrè la fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí. Saguaro lorúkọ rẹ̀, aṣálẹ̀ Sonoran ló ń hù sí, ní Arizona ní Amẹ́ríkà àti ní Sonora ní Mẹ́síkò. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ lè pè é ní oró. Rárá o! Oje oró tiwa lè ba ojú jẹ́, kò ṣeé fi ṣeré. Èso saguaro pupa nínú, ó sì dùn.

Àwọn Tohono O'odham ló ń já a láti ayébáyé. Oṣù kẹfà ló máa ń pọ́n, nígbà tí ooru mú, tí gbogbo nǹkan ti gbẹ. Igi náà lè ga tó mítà 12, ta ló fẹ́ gun ẹ̀gún? Igi gbígbẹ inú saguaro tó ti kú ni wọ́n ń so pọ̀ ṣe ọ̀pá ìjáso. Wọ́n á fi èèpo èso sílẹ̀, kí inú rẹ̀ pupa kọjú sókè, kí òjò lè tètè dé. Ìkórè yìí gan-an ni ọdún tuntun wọn. Wọ́n ń se omi èso títí á fi ki bí oyin. Wọ́n ń fi ṣe ọtí ètùtù òjò, torí òjò yẹn ni wọ́n fi ń gbin àgbàdo àti ẹ̀wà. Hóró inú èso kan lè tó 2,000, wọ́n ń lọ̀ ọ́ bí ìyẹ̀fun. Láyé àtijọ́, wọ́n tún máa ń kó o lọ fún àwọn Akimel O'odham etí odò, wọ́n máa ń fi gba àlìkámà. Òwò gidi ni.

Ní 1854, ilẹ̀ tí Amẹ́ríkà rà lọ́wọ́ Mẹ́síkò mú kí ààlà gba àárín ilẹ̀ wọn kọjá. Ìgbà tó yá, màlúù pọ̀, àwọn aṣẹ́gi náà dé. Wọn ò fọwọ́ kan saguaro o, igi mesquite àti palo verde ni wọ́n ń gé. Àṣé abẹ́ ibòòji àwọn igi yẹn ni ọmọ saguaro ti ń dàgbà! Ní ọdún mẹ́jọ àkọ́kọ́, kì í ga tó sẹ̀ntímítà 5, pátákò màlúù kan ti tó láti pa á.

Nígbà tí Ààrẹ Hoover sọ igbó saguaro ẹ̀bá Tucson di ilẹ̀ ààbò ní 1933, àwọn arúgbó igi ló kún ibẹ̀, ọmọ wọn ò tó nǹkan. Saguaro tó bá ti yọ apá sì sábà máa ń ti lé ní àádọ́ta ọdún.