Olùdarí ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́

Olùdarí ẹ̀rọ, tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń pè ní opéréítọ̀, ni ẹni tí ó ń tan ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́, tí ó ń kó ohun èlò sínú rẹ̀, tí ó sì ń ṣọ́ ọ títí ọjà yóò fi jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti mẹkáníìkì, ẹni tí ó ń tún ẹ̀rọ ṣe nígbà tí ó bá bàjẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, olùdarí ẹ̀rọ máa ń yẹ epo, bẹ́líìtì àti ìbòrí ẹ̀rọ wò. Bí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, ó ń tẹ́tí sí ìró rẹ̀, ó sì ń ṣa èyí tí kò dára kúrò nínú ọjà. Ilé-iṣẹ́ tí kì í pa ẹ̀rọ lóru máa ń pín àwọn òṣìṣẹ́ sí ṣíìfù. Ẹni tí ó ń lọ sílé ni yóò sọ àléébù ẹ̀rọ fún ẹni tí ó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní agbègbè Ìyànà-Ìbà

Volkswagen of Nigeria wà lára àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó gba irú òṣìṣẹ́ yìí ní Ọ̀jọ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọdún 1975 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ Èkó sí Badagry. Beetle, tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìjàpá, wà lára àwọn ọkọ̀ náà. Òkè òkun ni ẹ̀yà ọkọ̀ ti ń wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń jó irin pọ̀, tí wọ́n ń kùn ún lọ́dà, tí wọ́n sì ń de ẹ́ńjìnì mọ́ ọn. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1986, ẹ̀yà ọkọ̀ di ọ̀wọ́n, iṣẹ́ sì dínkù. Ní ọdún 2014, lábẹ́ Stallion Group, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Nissan níbẹ̀. Ibùdókọ̀ tí ó wà nítòsí ṣì ń jẹ́ Volks.

Ewu àti òfin

Ìka àti ọwọ́ ni ó sábà máa ń fara gbá nínú jàǹbá ẹ̀rọ. Òfin Ilé-iṣẹ́ ti ọdún 1987 pàṣẹ pé kí a fi ìbòrí dáàbò bo apá ẹ̀rọ tí ó léwu. Ẹni tí ó bá yọ ìbòrí náà kí iṣẹ́ lè yá, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni ó fi wewu.

Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò tí NSITF ń bójú tó. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó bá farapa gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ọdún 1 sì ni a ní láti béèrè ẹ̀san. Òfin náà kan òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú, ìbáà ṣe ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá sì fọwọ́ sí ìwé pé òun yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yìí, ìwé náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.