Ta Ni Ń Ra Oògùn Àgbàlagbà? Ìtàn kan láti Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun

Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun sún mọ́ra débi pé àlejò tó bá ti Òṣogbo wá lè má mọ ìgbà tó kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn. Ìfọ́n ni ti Orólú. Ìlobùú ló ni Erinlẹ̀, ọdẹ tó mọ ewé, tó mọ egbò, tó sì di odò. Ìfọ́n ló ni Òrìṣà Olúfọ́n, tí wọ́n ń bọ ní Brazil títí dòní gẹ́gẹ́ bí bàbá arúgbó aláṣọ funfun tó ń tẹ̀pá rìn. Oníṣègùn àti arúgbó ti ń bá ara wọn ṣe aládùúgbò tipẹ́. Ọmọ Ìfọ́n ni bàbá mi, Ìlobùú ni wọ́n ti bí ìyá mi, ibẹ̀ náà ni ìyá tó bí ìyá mi wà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò dà bí oògùn ibà tí a ó lò lọ́jọ́ mẹ́ta ká sì gbàgbé. Ojoojúmọ́ ni, títí ayé. Ẹni tó ti ń sanwó rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà ni mo fẹ́ wá lọ nínú ìtàn yìí.

Ní 1979, nígbà tí ìlú méjèèjì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Bọ́lá Ìgè di gómìnà lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN. Ìwòsàn ọ̀fẹ́ wà lára ohun mẹ́rin tí ẹgbẹ́ náà ṣèlérí. Ẹni tó bá dé ilé ìwòsàn ìjọba á gba káàdì, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì gba oògùn láìsanwó. Ìyá àgbà kì í pọ́n àsìkò yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní èrò a máa pọ̀, ó sì ní ìgbà tí èèyàn á tò títí, tí oògùn á ti tán kó tó kàn án. Ṣùgbọ́n wọn kì í wá orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìwé kí wọ́n tó dá a lóhùn.

Àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983. Kò pẹ́ tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀. Ní 1987, àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà pàdé ní Bamako, wọ́n fẹnu kò pé kí a máa ta oògùn fún aláìsàn, kí a sì máa fi owó tó bá wọlé ra òmíràn, kí pẹpẹ má baà ṣófo. Èmi ò rí i bí ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Pẹpẹ tó ṣófo kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Àgbẹ̀ tí kò lè lọ sóko mọ́ ńkọ́? Láti ìgbà náà ni oògùn arúgbó ti bọ́ sí àpò àwọn ọmọ rẹ̀, ẹni tí kò bá sì lọ́mọ, ó di ọwọ́ Elédùmarè.

Òfin adójútòfò ìlera jáde ní 1999, ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2005. Òṣìṣẹ́ tó bá wà nínú rẹ̀ á mú ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 wọlé, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò sì san lórí oògùn. Ẹ tún un kà. Kò sí ìyá, kò sí bàbá níbẹ̀. Ẹbí tí òfin yẹn mọ̀ kì í ṣe ẹbí tó wà ní agboolé wa. Nílé tiwa, ìyá ọkọ ló ń jókòó sójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun náà ni ara rẹ̀ ń fẹ́ oògùn jù.

Ká má rò pé àwa nìkan ni. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1965 ni wọ́n ṣòfin ìwòsàn àgbàlagbà tí wọ́n ń pè ní Medicare, ṣùgbọ́n oògùn tí arúgbó ń lọ rà ní kẹ́míìsì kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n ṣòfin ìyẹn ní 2003, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2006. Ogójì ọdún ni wọ́n fi dúró! Ẹni tó bá sì fi ìforúkọsílẹ̀ falẹ̀ láìní ètò mìíràn, owó tó ń san lóṣooṣù á lé sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa san án lọ.

Tiwa tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀. Òfin ìlera ti 2014 ya owó sọ́tọ̀ fún àwọn tálákà. Ọ̀ṣun ṣòfin adójútòfò tirẹ̀ ní 2018, ó sì wà lára ìpínlẹ̀ mẹ́ta tí owó ìjọba àpapọ̀ náà kọ́kọ́ dé. Òfin 2022 dárúkọ àwọn àgbàlagbà mọ́ àwọn tí ìjọba gbọ́dọ̀ ràn lọ́wọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ètò owó 2014 yẹn bẹ̀rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ló wà nínú rẹ̀. Oògùn tí a ó máa lò lójoojúmọ́ kò sí níbẹ̀. Wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ìyá àgbà, wọ́n á sọ fún un pé ó ti ga, wọ́n á ní kó lọ ra oògùn.

Orúkọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀wé ná. Èmi ni mo mú ìyá àgbà lọ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀, NIN, torí wọn kì í forúkọ ẹni sílẹ̀ láìsí i. Ọdún wo ni wọ́n bí wọn? Wọ́n ní àwọn ti ń kiri ẹ̀kọ nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà. Ìyẹn jẹ́ 1956. Ọmọkùnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, iye ọdún ni mo fẹ́." A jọ ṣírò rẹ̀, a fi í sí 1942. Ó ku ìka. Ẹ̀rọ kò rí ìlà kankan lọ́wọ́ ẹni tó ti yan gàrí fún ogójì ọdún. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, Màmá." Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìka tí mo fi ń jẹun náà nìyí." Àtàǹpàkò òsì ló gbà níkẹyìn.

Láàárín ìgbà náà ni owó náírà wálẹ̀ ní 2023, ilé iṣẹ́ GlaxoSmithKline kéde pé òun ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, oògùn sì gbówó lórí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ìjà ilẹ̀ mú kí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹrin-Ọ̀ṣun. Oògùn ìyá àgbà ku ti ọjọ́ mẹ́ta nígbà náà. Ìbátan bàbá mi kan ní Ìfọ́n ní èyí tó tó oṣù kan nílé, kò sì sọ́nà láti fún wọn. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò ló bá wọn wá díẹ̀.

Káàdì wọn ti jáde báyìí, 1942 ló wà lórí rẹ̀. Oògùn oṣù yìí, èmi ni mo rà á. Ti oṣù tó ń bọ̀ kan ẹ̀gbọ́n mi.