Ẹ́ńjìnnì Àdàpọ̀ Onítọ́bò nínú Ọkọ̀ Ìje Formula 1

Ẹ́ńjìnnì àdàpọ̀ ni èyí tí ó ń fi epo bẹntiróòlù àti iná mànàmáná wa ọkọ̀ kan náà. Ní ọdún 2014, ẹ́ńjìnnì V6 onítọ́bò tí ó jẹ́ lítà 1.6 rọ́pò V8 lítà 2.4 nínú ìdíje Formula 1. Òfin ìgbà náà kò gbà kí epo tí ń wọ ẹ́ńjìnnì ju kílógíráàmù 100 lọ ní wákàtí kan. Ẹni tí kò jẹ́ kí agbára epo ṣòfò ni ó ní àǹfààní.

Èéfín gbígbóná tí ń jáde láti inú sìlíńdà ni ó ń yí tọ́bò. Tọ́bò a sì ki afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú sìlíńdà, kí epo díẹ̀ lè mú agbára púpọ̀ wá.

Ẹ̀rọ amúnáwá méjì ni ó ń ṣa agbára tí ìbá ṣòfò. MGU-K so mọ́ ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì ń yí: bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ó ń sọ eré ọkọ̀ di iná sínú bátìrì, bí ọkọ̀ bá tún fẹ́ sáré, ó ń dá tó kílówáàtì 120 padà. MGU-H wà lára ọ̀pá tọ́bò. Ó ń sọ ooru èéfín di iná, ó sì ń yí tọ́bò nígbà tí èéfín kò tíì pọ̀ tó, kí ọkọ̀ má baà lọ́ra bí ó bá ń jáde ní kọ́nà.

Ní 2017, Mercedes kéde pé, níbi ìdánwò, ẹ́ńjìnnì wọn sọ ohun tí ó ju ìdajì agbára epo lọ di iṣẹ́. Síbẹ̀, MGU-H gbówó lórí, ó sì ṣòro ṣe. Òfin 2026 yọ ọ́ kúrò, ó sì gbé agbára MGU-K dé kílówáàtì 350. Ooru tí wọ́n ń kórè tẹ́lẹ̀ tún wá ń bá èéfín lọ.