Kí Ló Wà Nísàlẹ̀ Ìbínú? Ìtàn Ilé Tí Wọ́n Wó Ní Erékùṣù Èkó

Ọ̀rọ̀ ìbínú la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ìbínú èrò ọkọ̀ àti kọ̀ndọ́kítọ̀ o. Ìbínú tó bẹ̀rẹ̀ ní Erékùṣù Èkó lọ́dún 1955 ni.

Nígbà yẹn, òmìnira ti ń kanlẹ̀kùn. Ìjọba fẹ́ kí olú-ìlú wuyì lójú àlejò. Wọ́n wo àárín Erékùṣù, wọ́n rí ilé tó fún mọ́ra àti èrò tó kún inú yàrá, wọ́n pè é ní slum. LEDB, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri jà l'Ékòó, ló gba iṣẹ́ náà. Wọ́n á wó nǹkan bí 70 éékà, wọ́n á kó àwọn èèyàn lọ sílé tuntun ní Sùúrùlérè.

Làwọn onílé bá fárígá. Ẹni tó bá ń wò wọ́n lókèèrè lè ní, kí ló ń bí wọn nínú? Ṣebí ilé tuntun ni, àyè sì wà níbẹ̀!

Peter Marris, onímọ̀ nípa àwùjọ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní Erékùṣù àti ní Sùúrùlérè. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Kí ló rí? Àgbàlagbà tó ń gbé ilé ìdílé láìsan kọ́bọ̀ wá di ayálégbé. Ìyá tó ń tajà pàdánù oníbàárà rẹ̀. Ọmọ tó máa ń yà kí ìyá rẹ̀ nígbàkúùgbà wá ń ṣírò owó ọkọ̀. Ilé dára, àmọ́ ẹbí ti fọ́n ká.

Ẹ rí i pé ìbínú nìkan kọ́. Ìbẹ̀rù wà níbẹ̀: kí la ó jẹ? Ìtìjú wà níbẹ̀: kí ni mo fẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi tí mo ń ràn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀? Nísàlẹ̀ pátápátá, ìbànújẹ́ ni.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù nìyí: kí ìwé Èkó yẹn tó jáde, Marris ti kọ ìwé kan ní 1958 lórí àwọn opó ìlà-oòrùn London. Ní 1974, nínú Loss and Change, ó so méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú àti ẹni tí wọ́n wó àdúgbò rẹ̀, ọ̀fọ̀ ló ṣẹ àwọn méjèèjì.

Sùúrù ni baba ìwà lóòótọ́. Orúkọ Sùúrùlérè fúnra rẹ̀ ń wàásù sùúrù. Àmọ́ a kì í wàásù sùúrù fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ká tó kí i pé, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù." Ìwé àṣẹ ìjọba kì í kí èèyàn báyẹn.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń bínú sí yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má tètè dá a lóhùn. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó pàdánù. Bí ìyá àgbà yín bá wà lára àwọn tó kó kúrò ní Erékùṣù nígbà yẹn, ẹ pè é lórí fóònù kí ẹ bi í bó ṣe rí. Ó dìgbà kan ná.