Òfin Ìsìnkú Ọba ní Ìpínlẹ̀ Ògùn: Ṣé Ìwé Lè Pa Ìṣẹ̀ṣe Rẹ́?

Láti ìgbà tí Ọba Síkírù Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ti wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2025, ìbéèrè kan náà ni àwọn tí ó ń wá sọ́dọ̀ mi ní Múṣin ń bi mí: Bàbá, ṣé òfin lè pa ìṣẹ̀ṣe rẹ́? Ìtàn ni mo fẹ́ fi dáhùn.

Ní 1960 ni Awùjalẹ̀ yìí gorí ìtẹ́. Mùsùlùmí ni, kò sì fi pamọ́ pé òun fara mọ́ òfin tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe ní 2021 lórí ìwúyè àti ìsìnkú ọba. Òfin náà fàyè gba kí a sin ọba ní ìlànà ẹ̀sìn tirẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tí ó wàjà, a sin ín ní ìlànà Ìsìláàmù ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìròyìn gbé e pé àwọn sójà dá àwọn oníṣẹ̀ṣe tí ó wá síbẹ̀ padà. Inú àwọn kan dùn. Ọkàn àwọn mìíràn sì gbọgbẹ́.

Ṣáájú àkókò yìí, òfin ti gbé àṣà oyè lẹ́sẹ̀. Ní 1957, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣe Òfin Ìjòyè. Ó pàṣẹ pé kí a kọ àṣà ìlú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: àwọn ìdílé tí ó ń jọba, bí oyè ṣe ń yí láti ìdílé kan sí èkejì, àti àwọn afọbajẹ. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, ó jogún òfin náà. Múṣin wa yìí pẹ̀lú wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni ó ni ín títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Yàbá àti Sùúrùlérè tí kò jìnnà sí wa wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní tiwọn. Òfin náà kò dé ibẹ̀. Síbẹ̀, odù kan náà ni àwọn babaláwo ń tẹ̀ sójú ọpọ́n ní ìhà méjèèjì.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí òfin 1957 kò kọ. Kò kọ ohun tí à ń ṣe ní ìpèbí, kò sì kọ ètùtù ìsìnkú ọba. Ọwọ́ awo ni ìwọ̀nyẹn wà. Nítorí pé kò sí nínú ìwé, ó rọrùn fún ìwé tuntun láti gba iwájú rẹ̀ kọjá. Nítorí pé kò sí nínú ìwé náà ni ìwé kò fi lè pa á rẹ́.

Èmi kò bá òkú jà. Abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn, ọba sì jẹ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìlú ni ó ni adé. Ètùtù tí à ń ṣe nígbà tí ọba bá wàjà ni a fi ń gba oyè padà lọ́wọ́ ẹni tí ó lọ, kí a tó gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ìsìnkú ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Ìwúyè ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tí a kò bi Ifá nípa rẹ̀, tí kò wọ ìpèbí, tí kò bá ìlú mulẹ̀, kí ni ó yà á sọ́tọ̀ sí alága ìjọba ìbílẹ̀? Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kéde Ọba Akeem Owóadé ní Aláàfin, ó sì sọ ní gbangba pé a bi Ifá kí a tó yàn án. Ìjọba àti Ifá lè jọ ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Kí ọmọ oyè sọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ níwájú ìdílé àti afọbajẹ kí a tó fi í jẹ. Ẹni tí kò bá lè gba ètùtù, kí ó fi adé sílẹ̀ fún ẹni tí ó lè gbà á. Kí a gbé ẹjọ́ wa lọ sí ilé aṣòfin àti ilé ẹjọ́, kí a má ṣe bá ẹnikẹ́ni jà lójú oórì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a kọ́ àwọn ọmọ awo, bí olúwo mi ṣe kọ́ mi, ní ẹnu sí etí, lọ́dún dé ọdún.

Òfún Méjì ni ó kẹ́yìn nínú ojú odù mẹ́rìndínlógún, àwọn àgbà sì máa ń sọ pé ipò rẹ̀ ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ rí. Síbẹ̀, bí ó bá yọ lójú ọpọ́n, gbogbo awo a kí i ní "Héèpà!" Ipò rẹ̀ yí padà, ọ̀wọ̀ rẹ̀ kò yí. Bí awo bá wà tí ó mọ ìkíni náà, ìṣẹ̀ṣe kò ní parun.